Ìka Kan Láàrin Ọ̀rọ̀ Méjì

Bọ́tìnnì tó gùn jù lórí kíbọ́ọ̀dù ni wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Ẹ wo tiyín wò. Lẹ́tà wà lára àwọn tó kù, nọ́ńbà wà, àmì oríṣiríṣi wà, ṣùgbọ́n èyí tí àtàńpàkò wa ń gbá mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, dúdú lásán ló wà. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé àlàfo kì í ṣe nǹkan, pé ibi tí a ò kọ nǹkan sí ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò kọ kóòdù rí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí: nínú kọ̀ǹpútà, àlàfo kì í ṣe àìsí lẹ́tà. Ohun kan ni, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí lẹ́tà yòókù ṣe ní tiwọn. A ńlá jẹ́ 65, àlàfo jẹ́ 32. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ọdún 1963 tí wọ́n ti gbé ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá tẹ "ara mi", ohun mẹ́fà lẹ tẹ̀, kì í ṣe márùn-ún. Ẹ̀rọ ka àlàfo yẹn mọ́ ọn. Ojú yín ni kò kà á.

Ọdún mẹ́rin la fi ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, a sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan, bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan, bí ẹ̀rọ ṣe ń pín ìrántí rẹ̀. Kò sí olùkọ́ kankan tó sọ fún wa pé àlàfo kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú Unicode, tó jẹ́ àkójọ gbogbo lẹ́tà àti àmì tí kọ̀ǹpútà ayé òde òní ń lò, àlàfo 17 ló wà nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Zs. Ọ̀kan fẹ̀ bí lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà ṣe fẹ̀. Ọ̀kan tín-ín-rín bí irun orí. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti Ogham, ìkọ̀wé àtijọ́ kan ní Ireland: wọ́n fa ìlà gba inú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fọ́ńtì. Àlàfo tó ní ìlà láàrin! Ayé fẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n èyí tó gba ọkàn wa ni nọ́ńbà 160. Lójú, kò yàtọ̀ sí 32 rárá. Ìyàtọ̀ wọn ni pé 32 gbà kí ìlà já níbi tó bá wà, 160 kò gbà. Tí Word bá ń to ọ̀rọ̀ lọ tó sì dé etí ìwé, ó máa bojú wẹ̀yìn wá ibi tó lè gé e kó lè bọ́ sí ìlà tó kàn. Tó bá pàdé 32, 32 á ní, ó yá, gé e níbí. Tó bá pàdé 160, 160 á ní rárá, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Àwọn tó ń lo Windows tàbí LibreOffice Writer, ẹ di Ctrl àti Shift mú kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì gígùn yẹn. Lórí Mac, Option lẹ máa dì mú. Nínú HTML, &nbsp; ni. Ẹ̀yin tí ẹ fi LaTeX kọ iṣẹ́ àṣekágbá yín, àmì ~ tí ẹ máa ń rí yẹn, òun náà ni. Donald Knuth tó kọ TeX pè é ní ìso. Nínú yàrá wa, àlàfo aláìjá là ń pè é.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ tẹ àmì ¶ nínú Word. 32 á yọ bí ẹ̀kán kékeré tó léfòó láàrin ìlà, 160 á yọ bí òdo kékeré, bí èyí tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ooru ara.

Ó yẹ ká sọ irú ẹni tí a jẹ́. Mẹ́ta ni wá nínú yàrá kan ní Ìbàdàn, a ń kọ sọ́fítíwia fún ẹni tó bá lówó àti, nígbà mìíràn, fún ẹni tí kò ní. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ ó gbọ́ "bàbá wa" àti "ìyá àgbà wa". Ẹ má bèèrè pé ti ta ni nínú wa. Bàbá ẹnì kan nínú yàrá yẹn, bàbá gbogbo wa ni.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ àlàfo ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Orúkọ wa ńkọ́? Gbólóhùn tí wọ́n yọ àlàfo inú rẹ̀ kúrò ni. Babátúndé: bàbá tún dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àlàfo méjì, wọ́n fún un pọ̀ di ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ ẹ̀bà. Adéwálé tiẹ̀ pàdánù ju àlàfo lọ, fáwẹ̀lì kan bá a lọ. A mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ra, a mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ta kété síra.

Àwọn àgbà onímọ̀ èdè sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lé e lórí. Ẹ ṣí ìwé Yorùbá àtijọ́ kan, ẹ ó rí "nlọ", "nigbati", "nitoripe", gbogbo rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, lónìí a sì ń kọ "ń lọ", "nígbà tí", "nítorí pé". Ó dára, ó mọ́, ojú ń rí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nǹkan kan tẹ̀lé e tí a ò rò pé ẹnikẹ́ni fi bẹ́ẹ̀ kà sí nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni olúkúlùkù ń lò: èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan. Ó, á, ń, a, o, ẹ, í. Lẹ́tà kan, àlàfo lọ́tùn-ún, àlàfo lósì. Níbikíbi tí ìlà bá ti lè já, ó lè já síbẹ̀.

Àwọn ará Czech ní irú ìṣòro yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bíi k, s, v, z, tí òfin ìtẹ̀wé wọn kò gbà kó dá dúró sí ìparí ìlà. Àwọn ará Poland náà kò fẹ́ kí "w" tàbí "z" dá wà níbẹ̀. Petr Olšák tiẹ̀ kọ ètò kékeré kan tó ń jẹ́ vlna fún àwọn tó ń lo TeX: ẹ fún un ní fáìlì, ó máa rìn káàkiri inú rẹ̀, á sì máa fi ~ so àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn mọ́ èyí tó tẹ̀lé wọn. Ìgbà tí a kà nípa rẹ̀, a wo ara wa lójú. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ fún Yorùbá?

Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ ni ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà wa. Ní ilé Yorùbá, tí èèyàn bá ti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, òun ló máa tún fóònù gbogbo ẹbí ṣe, òun ló máa wo ìdí tí tẹlifíṣọ̀n kò fi sọ̀rọ̀, òun náà ló máa ṣe ìwé ìsìnkú. Ìtàn ìgbésí ayé màmá gba ojú ìwé méjì, òpó méjì sì wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìlà kúrú. Kó tó di pé a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, a ní kí àǹtí wa tó máa kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì bá wa kà á sókè lẹ́ẹ̀kan.

Àǹtí wa kà á dáadáa títí ó fi dé ìlà kan tó parí sí "Màmá kì". Ó dúró. Ó gbé ojú sókè.

"Ta ni màmá kì?"

"Àǹtí, ẹ ka ìlà kejì mọ́ ọn."

Ìlà kejì ni "í bínú sí ẹnikẹ́ni". Màmá kì í bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Word ti gé "kì í" sí méjì, "kì" wá di ti akéwì, bí ẹni pé màmá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ẹnì kan. Àǹtí wa ní, "Ṣé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti máa máa fò láti ìlà dé ìlà bí ọ̀pọ̀lọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí màmá ti papò dà.

A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, a wá gbogbo irú ibẹ̀. "Sáàmù" wà ní ìparí ìlà kan, "23" wà ní ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. "Olóyè" wà lókè, orúkọ olóyè wà nísàlẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí olóyè náà bá rí i, a ó wí tẹnu wa. "Aago" kúrò lọ́dọ̀ "10". "Ó ń" dá wà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. A fi 160 so wọ́n. Kò tó wákàtí kan. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àǹtí wa kà á láti òkè délẹ̀, kò kọsẹ̀, àwọn èèyàn sì sunkún níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún.

Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ ìyà yìí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan tí wọ́n ní kò ju méjì lọ. Ní ti Faransé, ọ̀rọ̀ àlàfo le ju tiwa lọ pàápàá. Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lórí máàpù. Yorùbá ni nínú ilé, Faransé ni níbi iṣẹ́. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà ṣáájú àmì ìbéèrè, ṣáájú àmì ìyanu, ṣáájú ; àti :, àti nínú àmì àyọlò wọn « ». Àlàfo náà kò sì gbọdọ̀ já, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ìbéèrè á dá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Tí ẹ bá ti sọ fún Word pé Faransé lẹ ń kọ, ó máa fi àlàfo aláìjá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì máa ń lo èyí tó tín-ín-rín, U+202F, ṣáájú àwọn kan nínú wọn. Owó náà bẹ́ẹ̀: 1 250 000 ni wọ́n ń kọ, kò sí kọ́mà, àlàfo ló ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ẹ wo bí ó ṣe máa rí tí ìlà bá já láàrin rẹ̀. Ẹni tí ẹ jẹ ní mílíọ̀nù kan lé á rò pé náírà kan lẹ jẹ òun. (Ọ̀rẹ́ wa ní fáráǹkì ni, kì í ṣe náírà. A ti gbọ́.)

Tí ẹ bá fẹ́ kọ U+202F nínú Word lórí Windows, ẹ tẹ 202F, kí ẹ wá tẹ Alt pẹ̀lú X. Ó máa yí padà lójú yín. Ẹ̀tàn yìí dùn mọ́ wa débi pé a lo odindi ọ̀sán kan lórí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ Yorùbá náà máa gbádùn èyí: tí ẹ bá fẹ́ fi àmì ohùn nìkan han àwọn ọmọ, láìsí fáwẹ̀lì lábẹ́ rẹ̀, orí 160 lẹ máa gbé e lé. Unicode fúnra rẹ̀ ló dámọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn kò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ gun nǹkan, tí kò bá sì sí fáwẹ̀lì, àlàfo aláìjá á tẹ́ ẹ̀yìn fún un.

Títí dé ibí yìí, ẹ lè rò pé ìyìn la wá yin 160. Rárá. A ti rí i níbi tí kò yẹ kó wà.

Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún kan báyìí, ọ́fíìsì tó ń sanwó fún àwọn olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní kí gbogbo wọn wá fojú hàn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣì wà láyé. Bàbá lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ wọn, ó tún un tẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ yín ò sí lórí sísítẹ́ẹ̀mù."

"Ó wà lára ògiri níta, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni."

Ó wà lára ògiri lóòótọ́. Ìwé kan náà ni wọ́n tẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé kan náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí bàbá lọ búra ní kóòtù pé orúkọ wọn ni orúkọ wọn. Wọ́n lọ búra. Wọ́n padà wá, orúkọ ò sí. Wọ́n ní kí wọ́n mú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, lẹ́tà tí wọ́n ti gbà kó tó di pé a bí ìkankan nínú wa. Wọ́n mú un wá, wọ́n dì í sínú ọ̀rá. Orúkọ ò sí. Oṣù mẹ́ta ni owó kò wọlé, bàbá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìgbà kẹrin, a tẹ̀lé wọn lọ. Ọmọbìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wa kí àwa náà lè rí i. Excel ni. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwákiri, òfo. A ní kó bá wa tẹ fọ́múlà kan síbi tí kò sí nǹkan, fọ́múlà tó ń sọ nọ́ńbà lẹ́tà. A ní kó bi í léèrè àlàfo tó wà láàrin orúkọ bàbá àti orúkọ àbísọ wọn.

160.

Ẹnì kan, níbì kan, ló ti da orúkọ àwọn olùkọ́ kọ láti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan sínú Excel. Àwọn tó ṣe ojú ewé yẹn ti fi &nbsp; sáàrin orúkọ kí tábìlì wọn má bàa já. Nígbà tí wọ́n kọ́pì rẹ̀, 160 bá a wá, ó dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń tẹ 32. Lójú ẹ̀rọ, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá tiẹ̀ fi TRIM inú Excel fọ̀ ọ́, 160 kò ní kúrò. 32 nìkan ni TRIM mọ̀. SUBSTITUTE pẹ̀lú CHAR(160) lẹ gbọ́dọ̀ fi lé e.

Ó pa àlàfo yẹn rẹ́, ó tẹ òmíràn. Ó wá orúkọ. Bàbá jáde.

A rò pé inú bàbá máa dùn. Wọn ò tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò rí?"

"Àlàfo ni, Bàbá. Àmọ́ àlàfo mìíràn ni."

"Àlàfo mìíràn." Wọ́n ronú. "Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi sọ fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní pé, tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ kan tán, ẹ gbé ìka kan lé e kí ẹ tó kọ òmíràn. Ìka kan, àlàfo kan. Ìka ta wá ni ẹ̀yin gbé síbẹ̀?"

A ò rí èsì fọ̀. Ìka ta ni? Ẹni tó kọ ojú ewé yẹn ò ṣe ohun búburú. Ẹni tó kọ́pì rẹ̀ ò mọ̀. Ẹni tó kọ áàpù ìwákiri náà ló yẹ kó mọ̀, nítorí irú iṣẹ́ wa ni, ó sì jókòó sí ibì kan tí kò ti ní rí bàbá arúgbó kan tó di lẹ́tà 1970 sínú ọ̀rá rí láé.

Nígbà tí a fi ojú wá ìsàlẹ̀ àti òkè orúkọ bàbá, a rí i pé kì í ṣe tiwọn nìkan. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kọ orúkọ wọn láti ibì kan náà ló ní 160 láàrin. Ọmọbìnrin náà rántí ìyá kan nínú wọn, tí wọ́n sọ fún pé kò ṣe olùkọ́ rí. Ìyá náà ò tíì padà wá. A sọ fún ọ̀gá wọn pé ìṣẹ́jú kan péré ni a máa fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ní ká kọ lẹ́tà. A kọ lẹ́tà. A tún kọ òmíràn. Ọmọbìnrin yẹn sọ fún wa lórí fóònù pé ní tòun, bí ẹnì kan bá dé báyìí tí orúkọ rẹ̀ ò jáde, òun á pa àlàfo náà rẹ́ òun á tún un tẹ̀. Ẹni tó bá dé nìyẹn.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní oṣù kẹwàá 2022, àwọn tó ń ṣe CLDR, àkójọ tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia fi ń mọ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọjọ́ àti aago, gbé ẹ̀dà 42 jáde. Wọ́n yí nǹkan kékeré kan padà: ní Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, àlàfo tó wà láàrin aago àti AM tàbí PM, wọ́n sọ ọ́ di U+202F, tín-ín-rín, aláìjá. Ó rẹwà, ó sì tọ̀nà. Nígbà tó dé inú Java 20 ní oṣù kẹta 2023, kóòdù tó ti ń ka "3:15 PM" láti ìgbà pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Chrome àti Firefox tiẹ̀ dá a padà sí 32 nígbà tí ojú ewé àwọn èèyàn ń bàjẹ́. Lórí Mac tuntun, orúkọ fáìlì fọ́tò tí ẹ yà lára ojú ẹ̀rọ ní àlàfo yìí ṣáájú PM. Tí ẹ bá ti tẹ orúkọ náà pẹ̀lú ọwọ́ yín rí, tí ẹ̀rọ ní kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ń rí i lójú yín kòrókòró, ẹ ò ya wèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ kóòdù, ohun tí wọ́n kọ́ nínú ìyẹn ni pé kí a lé gbogbo àlàfo yòókù dànù kí a fi 32 nìkan sílẹ̀. A ò gbà. Ìyẹn ni pé kí "Màmá kì" padà wá. Ibi tí a fẹ̀yìn tì sí ni pé ohun tí a fẹ́ wá àti ohun tí a fẹ́ kà kì í ṣe ohun kan náà. Orúkọ tí ẹ máa fi wá èèyàn, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wá a, kí ẹ sì fọ méjèèjì, èyí tí wọ́n tẹ̀ àti èyí tó wà nílẹ̀. NFKC, tó wà nínú ọ̀pọ̀ èdè kóòdù tó gbajúmọ̀, máa sọ 160 àti U+202F di 32, kò sì ní ba ẹ́ tàbí ṣ yín jẹ́. Ẹ ṣọ́ra ṣá: U+200B, tí kò tiẹ̀ ní ìbú rárá, tí àwọn tó ń kọ èdè Khmer ń lò láti fi ibi tí ìlà ti lè já hàn, kò ní bá a lọ. trim() inú JavaScript náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fọwọ́ yọ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde fún ojú àwọn èèyàn, ẹ má fọwọ́ kan àlàfo rẹ̀. Ẹnì kan ti rò ó kó tó fi síbẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ vlna tiwa. Kò tíì tó nǹkan, ìlà kóòdù rẹ̀ kò pé igba. Ó ń ka Yorùbá, ó sì ń fi 160 sí ẹ̀yìn "ń", sáàrin "kì í", sí ẹ̀yìn Olóyè, Ọ̀gbẹ́ni, Dókítà, sáàrin oṣù àti nọ́ńbà. A ti rí i pé èèyàn ò lè so gbogbo nǹkan. Lórí fóònù, ìlà kúrú gan-an. Tí ẹ bá so "ó ń" mọ́ "lọ", tí ẹ tún so "tí" mọ́ "ó", gbólóhùn odindi á di okùn kan, etí ọ̀tún á wá rí págunpàgun bí eyín ayùn. Nítorí náà "ń" mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan, "ó" lè dá wà. Ẹnì kan nínú wa ò gbà, ó ní "ó" tó dá wà ní ìparí ìlà kò yàtọ̀ sí ẹni tó lanu tí kò sọ̀rọ̀. Ìbò méjì sí ọ̀kan la fi borí rẹ̀.

A gbé e fún bàbá wa lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ìtàn kan tí wọ́n fúnra wọn kọ fún àwọn ọmọ-ọmọ. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ìparí rẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a jẹ́ kí "jẹ́" wà lókè tí "kí" wà nísàlẹ̀? A ní ọ̀rọ̀ méjì ni, Bàbá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, wọ́n ń kọ ọ́ pọ̀. A ti jiyàn lórí ẹ̀ títí di àná. Ìlà 84 inú kóòdù náà ni, a kọ síwájú rẹ̀ pé: ẹ bi Bàbá.